Ṣé Afẹ́fẹ́ Wà Lókè Lọ́hùn-ún? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bàálù, Gíga Òfúrufú àti Ọ́síjìn fún Àwa Ará Èkìtì

Àwọn ọmọ wa ti tàn ká ìlú òyìnbó, àwọn ìyá àti bàbá sì ń wọ bàálù tẹ̀lé wọn lọ wo ọmọ-ọmọ. Ẹlòmíràn ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó wọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ní Ìkéré, ní Adó, ní Ìdó, kì í ṣe ti físà tàbí ti tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ èémí ni. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Ẹni tó bá ní àìsàn lára, kó ka ìdáhùn yìí, kó sì tún lọ bá dókítà rẹ̀.

Ṣé ọ́síjìn ti tán lókè níbi tí bàálù ń gbà ni?

Rárá o. Ì báà jẹ́ ìdí òkè Olósùnta ní Ìkéré lẹ wà, ì báà jẹ́ 35,000 ẹsẹ̀ bàtà lójú òfúrufú, tí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 21 nínú rẹ̀ ni ọ́síjìn. Ìpín yẹn kì í yí padà. Ohun tó ń dínkù bí a ṣe ń gòkè ni ìfúnpá, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ gbogbo nǹkan. Tí a bá dé 18,000 ẹsẹ̀ bàtà, agbára yìí ti dín sí ìdajì ohun tó jẹ́ létí òkun. Ní 35,000, kò kù ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Agbára yìí gan-an ló ń ti ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí kò bá tó, ènìyàn á máa mí, àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bó ṣe yẹ, ọ́síjìn kò sì ní wọ ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ilẹ̀ òkè ni Èkìtì. Ṣé gíga kò ti mọ́ wa lára?

Òkè wa pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ga tó bẹ́ẹ̀. Adó-Èkìtì ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bí 450 mítà, ìyẹn bí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ara kò lè mọ ìyàtọ̀ ìyẹn rárá. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìhà Taraba, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, 2,419 mítà ni. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé òfin kò gbà kí afẹ́fẹ́ inú bàálù fẹ́lẹ́ ju ti 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ dáadáa, ìyẹn 2,438 mítà. Nítorí náà, ìyá tó gbéra ní Adó, tó jókòó sínú bàálù tó ń fò ní 37,000 ẹsẹ̀ bàtà, ní tirẹ̀, ara rẹ̀ lè máa ṣe bí ẹni tó wà lórí Chappal Waddi. Kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, kò sì sí ní 37,000.

Àwọn ará Addis Ababa ń gbé lórí irú gíga bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ti bá a mu. Àwa kò tíì bá a mu. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò wa ló ń gba Addis kọjá, pápákọ̀ òfúrufú ibẹ̀ sì ga ju 2,300 mítà lọ. Tí bàálù bá balẹ̀ síbẹ̀ tí àgbàlagbà kan sọ pé ó rẹ òun nígbà tó ń fa àpótí rẹ̀ lọ, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kó rọra máa rìn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kó afẹ́fẹ́ sínú bàálù?

Nínú ọ̀pọ̀ bàálù, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ ìta, ó ń fún un pọ̀ kó tó dá epo sí i. Wọ́n á yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀ náà kí epo tó kàn án. Gbígbóná ló máa ń jáde, wọ́n á wá mú un tutù, kí wọ́n tó darí rẹ̀ sínú ibi tí èrò jókòó sí. Ní ìdí bàálù, ojúlé kan wà tó ń ṣí tó ń pa dé fúnra rẹ̀, tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ tó ní ihò kékeré: tí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde bá dọ́gba, táyà á dúró bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ojúlé yẹn. Tí bàálù bá ń gòkè, á jẹ́ kí ìfúnpá inú dínkù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ inú bàálù kì í ṣe èyí tí wọ́n tì mọ́lé láti Èkó. Tuntun ń wọlé nígbà gbogbo.

Kí ló dé tí wọn kò fi ṣe é bíi ti ilẹ̀ gan-an?

Nítorí ara bàálù ni. Gbogbo ìgbà tó bá gòkè, ìfúnpá inú rẹ̀ á máa ti ara rẹ̀ síta. Tó bá balẹ̀, á dẹ̀. Ìtìsíta àti ìdẹ̀ yìí, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, máa ń rẹ irin. Ní 1954, bàálù Comet méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fọ́ sójú òfúrufú nítòsí Ítálì, ọ̀kan ní oṣù kìíní, èkejì ní oṣù kẹrin. Ìwádìí fi hàn pé irin wọn ni ó ti rẹ̀ tí ó sì ya. Ní 28 oṣù kẹrin 1988, òrùlé bàálù Aloha Airlines kan ya kúrò lókè Hawaii. Òṣìṣẹ́ inú bàálù kan bá a lọ, àwọn yòókù balẹ̀ láàyè. Bí wọ́n bá fẹ́ kí inú bàálù rí bíi ti ilẹ̀, irin rẹ̀ ní láti nípọn ju bó ṣe wà lọ, á wúwo, owó ọkọ̀ á sì gun òkè.

Boeing 787 àti Airbus A350 kì í ṣe irin pọ́ńbélé, ohun èlò tí kì í tètè rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù lára wọn, nítorí náà wọ́n lè mú inú wọn wá sí 6,000 ẹsẹ̀ bàtà. Tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àgbàlagbà tí èémí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, tí owó méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ẹ wo irú bàálù tí wọ́n máa gbé jáde. Èmi yóò mú 787 tàbí A350 fún ìyá mi.

Mo rí ihò kékeré lára gíláàsì fèrèsé. Ṣé ó ti lu ni?

Wọ́n dìídì lu ú ni. Gíláàsì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti ìta ló ń ru agbára afẹ́fẹ́, ti àárín ló ní ihò, ti inú ló wà kí ọwọ́ wa má ba méjì tó kù jẹ́. Ihò náà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá kí gíláàsì ìta lè ru ẹrù rẹ̀ nìkan, kí ti àárín sì wà ní ìpamọ́ bí ti ìta bá yọnu. Ó tún ń gba fèrèsé lọ́wọ́ ìkùukùu. Ẹ lè rí yìnyín wẹ́wẹ́ yí i ká. Ẹ má bẹ̀rù.

Kí ló ń mú etí dí, tí inú sì ń wú?

Afẹ́fẹ́ tó wà ní ìgbèkùn máa ń fẹ̀ tí ìfúnpá bá dínkù. Láti ilẹ̀ dé 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ń fẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ lè fojú ara yín rí i. Mo gbé ọ̀rá ìpékeré kan sínú àpò lọ, ó rọ̀ nígbà tí mo kó o. Lókè, ó ti wú, ó le gbandi, etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi iná lẹ̀ ẹ́ ti fẹ́ ya. Ní ti ike omi, òdìkejì ni: mo mu ún tán lókè, mo dé e pinpin, nígbà tí bàálù ń balẹ̀ ó ń dún rékéréké, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ mọ́ra.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlù etí. Òpó tóóró kan so ibẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń jáde lára òpó náà láìsí wàhálà. Nígbà tí a bá ń sọ̀, ó ní láti padà wọlé, òpó náà kì í sì í fẹ́ ṣí. Ìdí nìyí tí ìrora etí fi ń pọ̀ nígbà tí bàálù bá ń balẹ̀. Ẹ gbé itọ́ mì, ẹ jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ yán, tàbí kí ẹ di imú, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Ẹ má fi agbára ṣe é. Ẹ má sùn nígbà ìsọ̀kalẹ̀, torí ẹni tó sùn kì í gbé itọ́ mì tó. Ẹni tí kàtá mú gan-an, á dáa kó sún ìrìn-àjò síwájú bó bá ṣeé ṣe. Ọmọ ọwọ́ kò lè jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ fún un lọ́mú nígbà tí bàálù ń sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti inú, ẹ̀wà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́jọ́ ìrìn-àjò kò dáa. Mo mọ̀ pé ilé wa kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìjẹ iyán, ṣùgbọ́n òkèlè díẹ̀ ni kí ẹ fún un. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún, kó dúró tó ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, kí dókítà sì yọ̀ǹda fún un. Ẹni tí afẹ́fẹ́ wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti igbá àyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàálù rárá títí tí yóò fi lọ pátápátá.

Ìbomú tó ń já bọ́ láti òkè ńkọ́? Ìgbà wo ló ń já, kí sì ni kí n ṣe?

Tí ìfúnpá inú bàálù bá dínkù dé bíi ti 14,000 ẹsẹ̀ bàtà, àpótí tó wà lókè orí yín á ṣí fúnra rẹ̀, ìbomú á já. Ẹ fà á sọ́dọ̀ yín. Fífà yẹn ló ń tan ohun tó ń ṣe ọ́síjìn. Bí ẹ bá kàn gbé orí wọ inú rẹ̀ láìfà á, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ bò ó mọ́ imú àti ẹnu, ẹ so ó mọ́ orí, ẹ máa mí bó ṣe máa ń ṣe.

Àpò ọ̀rá tó wà nídìí rẹ̀ lè má wú. Ìyẹn kò ní kí ọ́síjìn má wá. Òórùn bíi ti nǹkan tó ń jó lè wá pẹ̀lú rẹ̀, torí nínú ọ̀pọ̀ bàálù, kẹ́míkà kan tó ń gbóná ló ń mú ọ́síjìn jáde, agolo rẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an. Ẹ má yọ ìbomú. Ọ́síjìn náà máa ń tó bí ìṣẹ́jú méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan bi mí pé ìṣẹ́jú méjìlá mélòó ni nínú ìrìn wákàtí mẹ́fà? Ó tó, nítorí awakọ̀ á ti máa darí bàálù sọ̀ kalẹ̀ kíákíá dé 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí ènìyàn ti lè mí fúnra rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn máa ń le débi pé ẹ̀rù á ba èrò pé bàálù ń já bọ́. Kò já bọ́. Awakọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ní kí ìyá kọ́kọ́ wọ tirẹ̀ kó tó wọ ti ọmọ?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dun àwọn ìyá wa jù. Ìyá Yorùbá wo ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ sẹ́yìn? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iye àkókò tó wà. Tí afẹ́fẹ́ bá jáde tán ní 25,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọpọlọ ènìyàn á ṣì já gaara fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ní 30,000, ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ní 35,000, ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan péré. Ní 40,000, ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20.

Ìyá tó ń bá ọmọ tó ń sunkún jà, tí ọmọ ń ti ìbomú kúrò lójú, lè lo gbogbo àkókò yẹn kó tó so okùn. Ìyá á dákú, kò ní sí ẹni tó máa wọ ti ọmọ náà fún un. Tó bá kọ́kọ́ wọ tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ á wá tó ọmọ. Ọmọ tó dákú fún ìwọ̀nba àkókò bẹ́ẹ̀ á jí tí ọ́síjìn bá dé imú rẹ̀.

Àìtó ọ́síjìn kì í dunni. Òun ló mú un burú. Ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn máa ń jà nítorí pé èémí burúkú kò ráyè jáde, ṣùgbọ́n lókè, èémí burúkú ń jáde dáadáa, nítorí náà ara kò ní pariwo. Inú ẹlòmíràn á máa dùn ṣáá, á máa rẹ́rìn-ín, ètè àti èékánná rẹ̀ á máa dúdú, kò ní lè ṣírò méjì lórí méjì, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1875, àwọn ará Faransé mẹ́ta gun bálúùnù kan tó ń jẹ́ Zénith. Wọ́n gbé àpò ọ́síjìn dání. Nígbà tí wọ́n kọjá 7,000 mítà, ọwọ́ wọn kò lè gbé ẹnu ọ̀pá rẹ̀ mọ́. Méjì kú. Gaston Tissandier nìkan ló padà, etí rẹ̀ sì di.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Helios Airways, tó gbéra ní Larnaca ní Kípírọ́ọ̀sì ní 14 oṣù kẹjọ 2005, tó ń lọ sí Áténì. Wọ́n ti yẹ bàálù náà wò lóru, wọ́n sì fi bọ́tìnì ìfúnpá sílẹ̀ sí ibi tí kò ti lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bàálù gbéra, fèrè ìkìlọ̀ dún, àwọn awakọ̀ rò pé fèrè mìíràn tó ń dún bákan náà ni. Ìbomú já lórí àwọn èrò, àwọn awakọ̀ kò wọ tiwọn. Wọ́n dákú. Bàálù ń fò fúnra rẹ̀ títí epo fi tán, ó sì já sórí òkè kan nítòsí Grammatiko ní Gíríìsì. Ènìyàn 121 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ pé tí ìkìlọ̀ ìfúnpá bá dún, ìbomú ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó wádìí ohunkóhun.

SS ni ọmọ mi. Ṣé ó lè wọ bàálù?

Ó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní kánmọ́kánmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń tẹ̀ kọrọdọ nígbà tí ọ́síjìn bá dínkù, ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ yẹn ló ń dí ọ̀nà tó sì ń mú ìrora wá. Àìtó omi àti òtútù ń ran èyí lọ́wọ́. Inú bàálù sì ní gbogbo wọn: ọ́síjìn dínkù, afẹ́fẹ́ gbẹ fúrúfúrú, òtútù tún wà.

Ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó, òmíràn wà ní Ìdó, kò sí ìdí láti máa fi gbígbọ́-lẹ́nu ṣe é. Dókítà lè ní kí ilé iṣẹ́ bàálù pèsè ọ́síjìn sílẹ̀ fún un lórí ìjókòó. Tí ìrora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e, kó dúró tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tó lọ. Lọ́jọ́ ìrìn, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ òtútù láti ilé, ẹ máa fún un lómi kó tó béèrè, ẹ jẹ́ kó máa dìde rìn. Ẹ fi oògùn ìrora rẹ̀ sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe sínú àpótí tí wọ́n ń gbé lọ sí abẹ́ bàálù. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti rí ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ ń jẹ̀rora lórí ìjókòó, tí oògùn wà nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó.

AS kò ní ìṣòro nínú bàálù tí ìfúnpá rẹ̀ pé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ tó, oníkọ́ fée, ẹlẹ́jẹ̀ ríru?

Ní ti ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ tó, ẹ wo Hb nínú àyẹ̀wò rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe PCV, torí PCV ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí Hb bá wà ní 7.5 tàbí kó kéré sí i, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fò. Oníkọ́ fée, kó fi oògùn tó ń fà símú sí àpò ọwọ́. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí oògùn ti kápá rẹ̀ lè fò, kó ṣáà má gbàgbé oògùn nítorí pé aago ìlú yí padà. Ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà, tí kò lè rìn nǹkan bí 50 mítà láìdúró mí, ó yẹ kí dókítà rí i kí ó tó fò.

Ẹnì kan lè ṣílẹ̀kùn lójú òfúrufú?

Ní gíga tí bàálù ńlá ń gbà, rárá. Ìfúnpá inú ń ti ilẹ̀kùn mọ́ férémù rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ lórí mítà kan níbùú lóròó. Kò sí apá ènìyàn tó lè fà á.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ pé ènìyàn lè sá pamọ́ sí ibi táyà. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ibi táyà kò ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀, kò ní ohun tó ń mú un gbóná. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù ibẹ̀ lè tó ìwọ̀n 50 lábẹ́ òdo. Ẹni tó wà níbẹ̀ á dákú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí táyà bá ń padà wọlé lẹ́yìn ìgbéra, ó lè fún un pa. Tí wọ́n bá sì tún ṣí ilẹ̀kùn táyà láti balẹ̀, ẹni tó ti dákú á já bọ́. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó dán an wò ló kú. Àwọn díẹ̀ tó yè ni ìròyìn ń gbé kiri, òun ló ń tan àwọn ọmọ wa jẹ.

Aboyún ńkọ́?

Afẹ́fẹ́ inú bàálù kò pa oyún tí kò ní ìṣòro lára. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń béèrè ìwé dókítà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, wọn kì í sì í gbé oyún ọmọ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, tàbí ti ìbejì lẹ́yìn 32. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀.

Bàbá mi ń lo ọ́síjìn nílé. Ṣé ó lè gbé e dání?

Sìlíńdà tó ń lò nílé, rárá, àyàfi tí ilé iṣẹ́ bàálù bá fọwọ́ sí i. Ọ́síjìn máa ń mú iná ràn kíákíá. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fa ọ́síjìn yọ láti inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ẹ kàn sí wọn kí ìrìn-àjò tó kù wákàtí 72, kí dókítà kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní MEDIF, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ dání.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni bátìrì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fẹ́ kí bátìrì tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìrìn-àjò náà: tí bàálù bá máa fò fún wákàtí mẹ́fà, kí bátìrì lè ṣiṣẹ́ fún mẹ́sàn-án. Ẹ tún fi wákàtí ojú ọ̀nà láti Èkìtì dé Èkó kún un, pẹ̀lú ìdúró ní pápákọ̀, torí inú mọ́tò lẹ̀rọ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bátìrì tó kù, inú àpò ọwọ́ ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí, kí ẹ fi nǹkan bo ẹnu irin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.